Ẹni Tí Wọ́n Ń Wá ní Hamburg

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní Berlin ni ògiri yàrá wa ní Neukölln dúdú pátápátá. Schimmel ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, irú ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ nínú ọ̀rá. A fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ọkọ mi kùn ún ní ọ̀dà funfun, síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo ó ti tún yọjú. Ọmọ náà ń húkọ́ ṣáá. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní kí á kúrò nínú ilé yẹn kí òtútù mìíràn tó dé. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé orí igi ni èèyàn ti ń ká ilé ní Berlin.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, a rí ọ̀kan ní Reinickendorf. Ògiri rẹ̀ gbẹ, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ oòrùn, kò sì jìnnà sí ilé ìkẹ́rù tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo jó nínú ilé òfìfo náà níṣojú obìnrin tó wá fi í hàn wá láti Hausverwaltung, ìyẹn àwọn tó ń bá onílé bójú tó ilé. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí èmi àti ọkọ mi kàn buwọ́ lùwé kan, kí àwọn lè béèrè ìtàn wa lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìtàn báńkì gbogbo èèyàn jọ. Mo buwọ́ lù ú. Kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù? Mi ò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni obìnrin yẹn pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀. Ó ní ti ọkọ mi mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú tèmi tí òun kò lè gbójú fò. Ó ní wọ́n ń wá mi ní Hamburg.

Mo ní ta ló ń wá mi? Ó ní òun kò mọ̀, ohun tí ìwé wí nìyẹn. Ó ní kí n béèrè Auskunft tèmi fúnra mi, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ ìtàn báńkì èèyàn sí, kí n kà á, kí n tún ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe, òun á di ilé náà mú díẹ̀ fún mi torí ọmọ tó ń húkọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè sọ fún ọkọ mi pé mo ti fura sí ẹni tí wọ́n ń wá.

Nígbà tí ìwé náà dé, mo kà á títí ojú fi ń ro mí, kò yé mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá. Ọkùnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, ó ń ta gàrí àti iṣu, ó sì ń kó ẹrù àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì Berlin rí, kò parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìwọ̀nba tó kọ́ di ti gbogbo wa. Bí lẹ́tà ìjọba bá ti le jù fún èèyàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ. Kì í gbowó. Owó rẹ̀ ni pé kí o jókòó gbọ́ ẹjọ́ ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀sùn kàn án, ẹjọ́ yẹn kì í sì í tán.

Lọ́jọ́ yẹn kò rí àyè rojọ́. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sórí àpò ìrẹsì.

"Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀," ó ní. "Auskunft yìí kì í ṣe juju. Òkè yìí ni orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, ìlú tí wọ́n bí ọ sí. Àdírẹ́sì rẹ nìyí, Neukölln. Àkáǹtì rẹ nìyí, ní báńkì ti Berlin. No wahala. Fóònù tí ò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù nìyí. Everything clean."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

"Dúró ná. Àkáǹtì kejì rèé o, Hamburg. Fóònù kejì rèé. Àdírẹ́sì mìíràn tún nìyí, St. Georg." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé o gbé St. Georg rí ni?"

Mi ò gbé St. Georg rí. Mo mọ ilé náà, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ni, lókè òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí wọn kì í pa iná orúkọ rẹ̀. Èkejì mi ló gbé ibẹ̀.

Ìbejì ni wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí gbogbo Yorùbá ti mọ̀: òun ló rán mi níṣẹ́ pé kí n lọ wò ó bóyá ayé dára. Látìgbà náà kò yéé rán mi níṣẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ ilé-ìwé, èmi ni mo kọ́kọ́ wá sí Jámánì, nígbà tí mo sì sọ fún un pé ó ṣeé gbé ló tó wá bá mi ní Neukölln. A gbé yàrá kan náà fún bí ọdún kan kó tó rí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Hamburg. Ojú wa jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi, nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, fi máa ń dúró kí ẹni kan nínú wa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó kí wa. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú mi lọ síbìkan. Àìsàn ló ṣe é, kò sì pẹ́ lórí ibùsùn.

Mo ń kọ ọ́ báyìí bí ohun tó rọrùn. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Màámi pè láti Ṣágámù, ó ní kí n má lọ sí Hamburg, kí n má fojú kan ohunkóhun. Ọkọ mi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì wo ibòmíràn. Màámi wá sọ fún mi lórí fóònù pé, "Èkejì rẹ ti lọ sí Èkó." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ. A kì í pe orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a kì í sì í sunkún, kí ẹni tó lọ má baà bojú wẹ̀yìn wá mú ẹni tó kù. Màámi ò sunkún. Èmi náà ò sunkún, mo lọ síbi iṣẹ́ mi nílé àwọn arúgbó, mo sì ń bá wọn tẹ́ ibùsùn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ohun kejì tí Màámi sọ ni pé ohun tí mo bá ṣe fún ara mi, kí n ṣe é fún òun náà. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Nígbà tí a wà ní kékeré, obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ìbejì rẹ̀ ku ẹyọ kan, tó sì jẹ́ pé aṣọ méjì ló máa ń dá lọ́dún. Ṣùgbọ́n èmi wà ní Berlin. Aṣọ wo ni mo fẹ́ dá? Nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí a jọ ń ra nǹkan. Bí owó oṣù mi bá ti wọlé, mo máa ń lọ sí báńkì, mo sì ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọkàn mi á wá balẹ̀ títí oṣù á fi parí. Ọkọ mi ò mọ̀. Mi ò rò ó pé ó burú, mi ò tiẹ̀ rò ó rárá, bí èèyàn kì í ti í ronú kó tó ta omi sílẹ̀ fún àwọn baba rẹ̀.

Gbogbo èyí ló rọ́ lù mí níwájú àpò ìrẹsì yẹn. Bọ̀dá ṣì ń dúró de ìdáhùn.

"Èkejì mi ló ni í," mo ní.

"Ẹni tó wà ní..." Ó wà nínú àwọn tó bá ọkọ mi lọ sí Hamburg. "Àkáǹtì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, àbúrò mi. Ta ló ń fowó sí i?"

"Èmi ni, Bọ̀dá."

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó yí páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí èèyàn padà, ó sì wá jókòó tì mí. Bó bá jẹ́ òyìnbó ni, ì bá ti bi mí pé kí ló dé. Yorùbá ni. Kò bi mí.

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ṣàlàyé èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún báńkì náà, owó sì ń wọlé, nítorí náà lójú tiwọn ẹni tó ni àkáǹtì wà níbẹ̀. Wọ́n fi káàdì tuntun ránṣẹ́ sí i ní St. Georg, ilé-iṣẹ́ lẹ́tà dá a padà pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni báńkì bá ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìtàn jọ bá àwọn wá a. Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé: Suchauftrag. Iṣẹ́ ìwákiri. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ìlú kan náà, ilé kan náà ní Neukölln nígbà kan rí.

"Kọ̀ǹpútà wọn ò mọ ìbejì," Bọ̀dá ní. "Ó ti sọ yín di ẹnì kan."

Ó yẹ kí inú bí mi. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo fa ìwé náà sọ́dọ̀, mo tún wò ó: èmi àti òun lábẹ́ orúkọ kan, bí a ti ń sùn lábẹ́ aṣọ ìbora kan. Mo fẹ́ ká a, kí n fi í sínú àpò mi, kí n sì máa lọ.

"Fóònù yìí ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Inú àkáǹtì yẹn náà ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀. Bí owó ò bá wọlé, wọn á gé e."

Mo dìde, mo tún jókòó. Mo máa ń pe nọ́ńbà yẹn. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá burú, mo máa ń dúró ní pèpéle U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo sì ń pè é. Kì í dún rárá, Mailbox ló máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ á sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín tó fara pa mọ́ sẹ́yìn eyín: "Mi ò sí nítòsí o. Ẹ sọ tẹnu yín, mo máa pè yín padà." Mi ò bi ara mi léèrè rí pé ta ló ń sanwó ohùn yẹn. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí ni.

"Kí ni wọ́n ń fẹ́ kí n ṣe báyìí?"

"Wọ́n máa ya ìtàn yín sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n o ní láti mú Sterbeurkunde lọ bá wọn ní báńkì Hamburg. Mo mọ̀ wọ́n, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ àna, ẹni tó bá a tan ni wọ́n máa fẹ́ rí. Kí o sọ fún wọn pé..." Ó wo ilẹ̀. "Kí o sọ fún wọn bó ṣe wà."

Sterbeurkunde ni ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé èèyàn ti kú. Ọkọ mi ti ní in látọjọ́ náà, ó tọ́jú rẹ̀ síbi tí mi ò ti ní rí i. Nígbà tí mo délé tí mo ní kó gbé e wá, ó gbé e wá, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí á gba ohùn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó gé e. Mo pariwo mọ́ ọn. Ọkùnrin náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ohùn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kò lè pe èèyàn padà. Ọmọ wa húkọ́ nínú yàrá, ó sì béèrè láti ibẹ̀ pé, "Mama, ziehen wir um?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a máa kó lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ra káàdì ìpè, mo pe Ṣágámù.

"Kí ọkọ rẹ lọ," Màámi ní.

"Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Màámi. Ẹni tó bá èkejì mi tan ni wọ́n ń fẹ́."

"Nígbà náà ẹ wá ilé mìíràn. Bó bá ti ẹnu rẹ jáde, ó ti gbọ́. Á bojú wẹ̀yìn. Ṣé o gbọ́ mi? Mi ò ní ẹlòmíràn mọ́."

"Ọmọ mi ń húkọ́, Màámi. Ẹ gbọ́ ọ."

Mo gbé fóònù sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ọmọ náà húkọ́, ó tún húkọ́. Nígbà tí mo gbé e padà sí etí, Màámi ti já fóònù náà.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gba ìsinmi. Báńkì náà kò jìnnà síbùdókọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ gbé mi gba òpópónà tí èkejì mi gbé. Mi ò gbé ojú sókè wo fèrèsé. Níbi tí mo ti ń yára kọjá ni obìnrin kan sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù onírun, tòun ti kóòmù lọ́wọ́, ó sì dì mọ́ mi lọ́rùn.

"Háà! Ojú ẹ rèé? Where you waka go since? Wọ́n ní o ti lọ sí Èkó!"

Òórùn ìpara irun ń ta lára rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo lanu láti sọ fún un pé èmi kọ́.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," mo ní. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo rín, ẹ̀rín ẹ̀yìn eyín yẹn.

"Irun ẹ ti bàjẹ́ o! Ọ̀la kí o wá, I go do am for you free."

"Mo máa wá."

Mo rìn kúrò níbẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń rìn. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mi ò fẹ́ kó lọ. Bí mo ṣe wọ báńkì nìyẹn.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo máa gbé ìwé fún wọn, wọn á kà á, mo máa buwọ́ lù ú, ó tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ó wo Sterbeurkunde, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó wo ọjọ́ ìbí, ó wo orúkọ bàbá. Ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń rí kò dá a lójú mọ́, etí rẹ̀ pọ́n. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí n forí ji òun, ó dà bíi pé àṣìṣe wà, ṣé ẹni tí ìwé yìí ní ó kú kọ́ ló jókòó síwájú òun yìí?

Ó ń dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ń húkọ́. Ká ní mo dákẹ́, bóyá wọn ì bá dá ìwé náà padà fún mi, kí ohun gbogbo máa bá a lọ bó ṣe wà, àkáǹtì, fóònù, ìwákiri. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

"Rárá," mo sọ fún un ní èdè Jámánì. "Èmi kọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Èmi wà láàyè."

Mo tún un sọ ní Yorùbá, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbọ́, torí kò yẹ kó jẹ́ inú èdè àjèjì ni èkejì mi á ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún níbẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, débi tí wọ́n fi gbé omi fún mi.

Wọ́n ya ìtàn wa sọ́tọ̀. Auskunft tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ kéré, ó mọ́, kò sì gùn. Obìnrin Hausverwaltung fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ilé Reinickendorf. Nígbà tí mo pe nọ́ńbà fóònù náà, obìnrin Jámánì kan tí mi ò mọ̀ rí ló sọ pé kò sí ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn. Ọmọ mi ń sùn láìhúkọ́, mo sì máa ń jí láti gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

Màámi ò gbé ìpè mi fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á láti gbé fóònù kó sì jẹ́ ohùn ọkọ mi ló máa gbọ́, tó ń sọ pé èmi náà ti lọ sí Èkó. Lẹ́yìn tí a ti kó dé ilé tuntun, ó gbé e.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Màámi. Mo wà."

"O sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, Màámi."

Mo gbọ́ bó ṣe fa àga, tó jókòó. Mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tó ti wà lọ́fun rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò sì sọ fún un pé ó tó. Ó sun ún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ló wá bi mí ní ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè rí láàárín èmi àti òun.

"Ibo ni wọ́n sin ọmọ mi sí?"

Mi ò mọ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ dúró," mo sì ké sí ọkọ mi pé kó wá sọ fún àwa méjèèjì.